Ìyá Onírọ̀rí àti Ogún Àyè ní Fásitì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Onírọ̀rí jẹ́, kó ní kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òun. Yóò gbọn aṣọ funfun náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aṣọ á sì balẹ̀ síbi tó fẹ́ kó balẹ̀ sí. Yóò ká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ tìmùtìmù, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nà án títí kò fi ní ku ìwúnjọ kankan, yóò gbé ìrọ̀rí méjì lé e, yóò wá fi ìka kan tẹ àárín wọn wọnú díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Àlejò tó bá wọlé á rò pé ẹnikẹ́ni kò fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi ṣe é nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù, tí gbogbo ènìyàn wá ń fi ìrọ̀rí pè é. Kò bínú sí i. Ó ní ó sàn kí wọ́n fi ìrọ̀rí pe òun ju kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ pe òun lọ.

Ìlú náà kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju àlejò ṣíṣe lọ. Wọn kò dáko, wọn kò ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹja tí wọ́n ń pa kò tó wọn jẹ. Oṣù mẹ́ta tí oòrùn máa ń mú ganrínganrín ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ oṣù méjìlá. Bí oṣù mẹ́ta yìí bá dé, tọmọdé tàgbà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ilé á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, á fi yàrá sílẹ̀ fún àlejò. Ẹni tí kò ní ilé á lọ máa fọ abọ́. Ilé ìwé pàápàá kò lè dá wọn dúró. Kíláàsì tó ní ogójì ọmọ á ku mẹ́fà, ọmọ dókítà àti ọmọ ọlọ́pàá á sì wà lára wọn. Olùkọ́ kì í bínú, nítorí òun náà ní yàrá méjì tó fi ń gba àlejò. Ó kàn máa ń fa ìlà gígùn síwájú orúkọ ọmọ tí kò wá nínú rẹ́jísítà, á fi íńkì pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìlà náà: Àsìkò. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní Àsìkò níwájú orúkọ rẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tún ní òfin tiwọn. Àgbà obìnrin tó kọ́ Ìyá Onírọ̀rí níṣẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí etí ẹni tó bá ṣàṣìṣe, ti kọ́ ọ ní mẹ́ta kó tó fi aṣọ lé e lọ́wọ́. Má wo inú báàgì àlejò. Má jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Ẹ̀kẹta ló lágbára jù: má ṣe jẹ́ kí àlejò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. "Àlejò wá gbádùn ara ni," ni àgbà obìnrin náà máa ń wí, "kò wá gbọ́ ikọ́." Lọ́dún kan, alásè kan sín lẹ́ẹ̀mejì ní yàrá ìjẹun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdílé ẹlẹ́ni méje ti di ẹrù wọn. Láti ìgbà náà, béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà, ìdáhùn kan náà lo máa gbọ́: "Kò sí aláìsàn nílé wa. Ara gbogbo wa le koko." Ẹni tí ibà ń gbọ̀n lọ́wọ́ lọ́wọ́ á fi eyín tó ń gbá ara wọn sọ ọ́. Ọkọ Ìyá Onírọ̀rí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀ nítorí ọkọ̀ ojú omi tó fi ń gbé àlejò yí àpáta po, ti fi ọrùn ẹsẹ̀ gbá etí ọkọ̀ rí, eegun sì ṣẹ́. Àlejò bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fún ẹsẹ̀ náà ní ìsinmi ni, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wà lókèèrè, ìwé ni wọ́n ń kọ wá. Àbíkẹ́yìn ló kù sílé, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ sọ ní Akọ̀wé, nítorí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tó fi èédú kọ A, B, D sára àpò ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ nà án, ó rẹ́rìn-ín, ó tún nà án, ó wá fọ àpò ìrọ̀rí náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Akọ̀wé ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní àsìkò. Kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá rẹ̀ kò ní tún ṣe.

Òkun ló kọ́kọ́ da ìlú náà. Ọdọọdún ló ń bu iyanrìn etíkun jẹ, títí ibi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń na ara sí fi ku òkúta lásán. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú wá pọ̀ káàkiri, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ sì rí ibòmíràn tó dára ju ibẹ̀ lọ. Ilé ìjó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ta fìlà oòrùn palẹ̀ mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá pa iná àjà kẹrin, nígbà tó di ọdún kejì ó pa ti ẹ̀kẹta. Ìlú tí kì í gbẹsẹ̀ nígbà kan wá dá páropáro. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, ẹ dúpẹ́. Kò sóhun tó ń dẹ́rù bani tó àga rẹpẹtẹ tí kò sẹ́ni tó jókòó lé.

Síbẹ̀, Ìyá Onírọ̀rí kò yéé mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni nìyẹn, n kò sì ní fi bò. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ti wí nígbà kan pé òṣìṣẹ́ tí kò bá sí lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí àsìkò bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn lòun máa fi rọ́pò rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti sọ ọ́, nígbà tí àlejò ṣì ń rọ́ wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá Onírọ̀rí pé àṣẹ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́ta lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ìyá àti ọmọ jókòó sí yàrá aṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká. Bí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àlejò kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, bàbá arúgbó kan tó wá wo òkun nítorí pé ìyàwó rẹ̀ tó ti kú fẹ́ràn láti máa wò ó. Lọ́sẹ̀ náà, Akọ̀wé mú ìwé wá, ó ṣí i sórí itan rẹ̀.

"Gbé e pamọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí máníjà bá wọlé ńkọ́?"

"Màmá, kò síṣẹ́."

"Iṣẹ́ ń bọ̀. Ìwé kì í sá lọ."

Akọ̀wé ti ìwé náà bọ àárín aṣọ. Máníjà kò wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì wọlé lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó wá hàn sí tẹrú tọmọ pé àlejò kò ní padà mọ́, alága ìlú pè wọ́n jọ sí ilé ìjó àtijọ́. Ó ní ìlú ìgbádùn ti tán, ìlú ẹ̀kọ́ ló kàn. Fásitì kan ń wá ilé, ilé tó ṣófo ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá máa di ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwẹ̀ àwọn àlejò máa di ilé ìkàwé, ilé ìjó tí wọ́n jókòó sí yìí gan-an, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa máa dúró níbẹ̀ kọ́ni. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn béèrè pé àwọn ọmọ ìlú ńkọ́. Alága ní òun kò gbàgbé wọn, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún, fásitì máa ya ogún àyè sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí òrùlé fi ń dún. Bàbá Ọlọ́kọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kì í yọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí kò tíì gúnlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un níhà.

Ní tirẹ̀, Ìyá Onírọ̀rí gbé ogún àyè náà sọ́kàn bí ẹni gbé oyún. Àwọn ọmọ méjì tó lọ kò ní padà, ó mọ̀. Bí Akọ̀wé bá rí àyè kan nínú ogún, á jẹ́ pé ọmọ kan kò ní lọ, tí kò sì ní fi ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn. Kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn lọ́dún náà. Akọ̀wé sì ti mọ ohun tí òun fẹ́ kọ́.

"Mo fẹ́ mọ ohun tó kó iyanrìn wa lọ," ó wí lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń jẹun. "Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé òkun nìkan ló dá lé lórí."

"Bí o bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Bóyá ó ṣeé dá padà, Màmá."

Bàbá rẹ̀ ní bó bá débẹ̀, kó bá òun bi òkun pé kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ìlú mọ́kànlélógójì ló jókòó ṣe ìdánwò ogún àyè náà. Àwọn mọ́kàndínlógún yege, Akọ̀wé ló sì ṣe ipò kìíní nínú wọn. Orí ìyá rẹ̀ wú. Kò sí ẹni tó bá pàdé lọ́nà tí kò dá dúró, títí tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé wà nínú yàrá máníjà àtijọ́. Ìyá Onírọ̀rí wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń kàn án ní òtẹ́ẹ̀lì: ẹ̀ẹ̀mejì, kó dákẹ́ díẹ̀, kó wá fi ẹ̀ẹ̀kan kún un. Akọ̀wé ní kó má kàn án bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì kéré sí Ìyá Onírọ̀rí dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó múra bí ènìyàn ńlá, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó dìde fún màmá, ó fún un ní àga. Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀.

"Màmá, ọmọ yín gbìyànjú gan-an ni," ó wí. Ó ṣí rẹ́jísítà tí ilé ìwé fi ránṣẹ́. Ó wò ó pẹ́. "Kí ni Àsìkò tí wọ́n ń kọ síbí yìí?"

"Ìgbà àlejò ni, ọ̀gá mi."

"Ṣé kì í lọ sí ilé ìwé nígbà yẹn?"

"Kò sọ́mọ tó ń lọ, ọ̀gá mi. Gbogbo wa la jọ ń ṣe é."

Obìnrin náà fọwọ́ pa iwájú orí. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé òfin kan wà lórí àwọn àyè ọ̀fẹ́ náà, kì í ṣe fún ìlú yìí nìkan. Ọmọ tí wọ́n máa gbà gbọ́dọ̀ ti wà ní kíláàsì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, fún ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo ló lè yọ ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó mú bírò, ó wo ojú Ìyá Onírọ̀rí tààrà.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, Màmá. Láàárín ọdún mẹ́ta yìí, ṣé àìsàn kankan wà nílé? Bóyá òun fúnra rẹ̀, bóyá ẹnìkan tó ń tọ́jú. Bó bá wà, mo lè kọ ọ́ síbí, yóò sì tó."

Àìsàn wà. Lọ́dún kejì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àyà dá Bàbá Ọlọ́kọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, Akọ̀wé ló sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ lówùúrọ̀ kó tó lọ bá ìyá rẹ̀. Lọ́dún kẹta, ibà mú Akọ̀wé fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Onírọ̀rí mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá máníjà ló jókòó sí, obìnrin àlejò kan tó múra dáadáa ló sì ń bi í bóyá aláìsàn wà nílé. Ẹnu rẹ̀ sáré ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ẹ̀rín òtẹ́ẹ̀lì yọ lójú rẹ̀.

"Rárá o, ọ̀gá mi. Kò sí aláìsàn nílé wa. Ara gbogbo wa le koko."

Akọ̀wé tẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìyá rò pé ọmọ fẹ́ kí òun yìn ín sí i.

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí gan-an, láti ọjọ́ tí mo ti bí i, orí ò fọ́ ọ rí."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Obìnrin náà dúró díẹ̀, bóyá ó ṣì ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí kò rí i, ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ó sì pa ìwé náà dé.

Orí àtẹ̀gùn ni Akọ̀wé ti sọ fún ìyá rẹ̀. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, "Màmá, obìnrin yẹn ń ràn wá lọ́wọ́ ni." Ìyá Onírọ̀rí sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, òun tí kò jókòó síbẹ̀ rí nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ó dìde, ó tún gòkè lọ, lọ́tẹ̀ yìí kò kan ilẹ̀kùn rárá. Ó ka gbogbo àìsàn ilé wọn sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, títí kan èyí tó pa ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin. Ó béèrè bóyá ìwé dókítà wà. Kò sí. Nínú ìlú náà, ta ló ń jẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà dókítà ní àsìkò?

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ni mo kọ, Màmá. Bí mo bá wá fi òdìkejì rẹ̀ síbẹ̀ láìsí ìwé dókítà, àwọn tó wà lókè mi á ní èmi àti ẹ̀yin la jọ purọ́. Ẹ má bínú."

Ìyá Onírọ̀rí lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé kó bá òun ṣàlàyé íńkì pupa náà fún àwọn ará fásitì. Ọ̀gá ilé ìwé ní òun ti kọ lẹ́tà méjì, wọn kò fèsì. Ó ní òun náà ń kọ́ni ní kíláàsì, òun fúnra òun ló kọ àwọn Àsìkò náà, àti ti ọmọ-ọmọ òun pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ara wọn bí àwọn tó jọ pa ẹran ẹlẹ́ran.

Nínú ọmọ ìlú mọ́kàndínlógún tó yege, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, ọmọ dókítà, tí gbogbo ìlú ń pè ní ọ̀lẹ láti kékeré. Ìtàn sì fi yé wa pé obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ àìsàn lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ara rẹ̀ kò le koko nínú wọn. Bàbá Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó sì jáde lọ hú u níta kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Àyè mọ́kàndínlógún tó kù, ọmọ ibòmíràn ni wọ́n kó o fún.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Ìyá Onírọ̀rí ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ohun kan fún ọmọ rẹ̀, kò rí i. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà, ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn nìkan. Ọdún mẹ́ta tí kò síṣẹ́, mo mú ẹ jókòó tì mí."

Akọ̀wé kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, Màmá," ó wí.

Ìyá rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ẹkún, ó ti múra sílẹ̀ de èébú pàápàá. Kò múra sílẹ̀ de èyí. Ó dùn ún ju bí ọmọ náà ṣe lè pariwo mọ́ ọn lọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, fásitì ní àwọn ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú yàrá wọn nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ìyá Onírọ̀rí wà lórí ìlà kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Wọ́n ní ọ̀dọ́ ni àwọn fẹ́, tó ní ẹ̀rí pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Akọ̀wé, tó sin ìyá rẹ̀ wá, bi wọ́n pé irú ẹ̀rí wo. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gba orúkọ ní rẹ́jísítà ilé ìwé wà lọ́wọ́ àwọn, ìyẹn ti tó. Ó ṣí i, ó fi ìka tẹ̀ lé íńkì pupa, ó ka Àsìkò mẹ́sàn-án níwájú orúkọ Akọ̀wé. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó wá láti àárọ̀, kò sí ẹni tí ìrírí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ìlú náà wá kún. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ó kún dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá, iná jó padà ní àjà kẹta àti ìkẹrin, alága ìlú ya fọ́tò níwájú ilé ìkàwé. Àwọn àlejò ti dé lóòótọ́. Àwọn onílé kàn tún kó àwọn ọmọ wọn sẹ́yìnkùlé ni.

Ní ọjọ́ tí Akọ̀wé lo ọ̀sẹ̀ kan pé lẹ́nu iṣẹ́, ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Báwo nibẹ̀ rí lónìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó dáa. Ọmọbìnrin kan wà ní àjà kẹrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Òkun ló ń kọ́. Ìwé ẹ̀ kún orí bẹ́ẹ̀dì."

"Kí lo wá ṣe sí i?"

"Mo kó o sílẹ̀, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tò ó padà bó ṣe wà." Ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Ó wọlé bá mi nígbà tí mò ń gbé ìrọ̀rí sí i. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó ní òun ò rí ẹni tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí rí. Ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ."

"Kí lo wí fún un?"

"Mo ní màmá mi ló kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Onírọ̀rí ti ń fẹ́ kí ẹnìkan sọ nípa òun láti ìgbà tó ti bímọ. Ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó fi bo ojú, ó sì sunkún. Akọ̀wé kò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í títí ó fi sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló dìde lọ rẹ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sómi, nítorí ó máa wọ̀ ọ́ lọ́la.